Samsung Galaxy A06 tí mo rà fún màámi ní Ìjẹ̀bú-Igbó: bó ṣe ń gbé ìpè Wi-Fi, àti ohun tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó sanwó

Tó bá jẹ́ torí kẹ́ ẹ lè máa bá ọmọ yín tó wà lókè òkun sọ̀rọ̀ lórí Wi-Fi lẹ ṣe fẹ́ ra fóònù, ẹ gbé ọ̀rọ̀ kámẹ́rà tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Mo mọ̀ pé òun ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fi hàn èèyàn ní ṣọ́ọ̀bù, "50 megapixel ni o, ẹ wo bó ṣe mọ́lẹ̀ kedere," ó dáa, fọ́tò náà dùn ún wò, ṣùgbọ́n kámẹ́rà kọ́ ló ń gbé ohùn. Ohun tó ṣe pàtàkì fún ìpè ni RAM (àyè tí fóònù fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́), irú Wi-Fi tó wà nínú fóònù yẹn, máìkì ẹ̀, sípíkà ẹ̀, àti bóyá ó máa jẹ́ kí WhatsApp jí tí ìpè bá wọlé lẹ́yìn tí ojú ẹ̀ ti ṣú. Àìmọye èèyàn níbí ló ń bú Wi-Fi, tí wọ́n ń bú nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tó jẹ́ pé fóònù ọwọ́ wọn gan-an ló ń ṣe wọ́n bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ bí tiwa ṣe jẹ́. Màámi ń gbé Ìjẹ̀bú-Igbó, èmi ń gbé Ìjẹ̀bú-Òde, àbúrò mi ọkùnrin wà ní Toronto, ẹ̀gbọ́n wa obìnrin wà ní London. Fóònù tí màámi ń lò tẹ́lẹ̀, 2GB ni RAM ẹ̀, wọ́n á pè wọ́n lórí WhatsApp kò ní dún rárá, ó di ìgbà tí wọ́n bá fọwọ́ kan súkúrìnì kí missed call tó máa rọ́ wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Màámi á ní àwọn ọmọ òun ti gbàgbé òun, àwọn ọmọ á ní màámi kì í gbé fóònù, èmi ni mo wà láàárín tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún tọ̀tún-tòsì. Mo wá ní ó tó gẹ́ẹ́, fóònù tuntun ló kàn. Owó tí mo mú dání ò ju ₦180,000 lọ, mi ò sì fẹ́ tòkunbọ̀, màá sọ ìdí ẹ̀ tó bá yá.

Fọlágbadé ni mo lọ, ní Ìjẹ̀bú-Òde, ṣọ́ọ̀bù fóònù wà níbẹ̀ dáadáa. Ṣọ́ọ̀bù tí mo kọ́kọ́ wọ̀, ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ ò jẹ́ kí n dán ohunkóhun wò, ó ní "Àǹtí, ẹ sanwó ná ká tó já sílì ẹ̀," mo kí i pé ó dàbọ̀. Ṣọ́ọ̀bù tí mo ti wá rà á, ìyá kan ló ni ín, wọ́n to àwọn fóònù tí wọ́n ti ṣí sórí tábìlì fún àwọn èèyàn láti fọwọ́ kàn, wọ́n sì fún mi ní password Wi-Fi wọn láìjanpata. Ohun tí mo fẹ́ràn wọn fún nìyẹn, tó sì jẹ́ pé màá tún padà lọ bá wọn, torí fóònù tẹ́ ẹ máa fi pe èèyàn, etí lẹ fi ń rà á, kì í ṣe ojú.

Ọ̀rọ̀ RAM ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fetí sí jù. Ọmọ tó ń bá ìyá oníṣọ́ọ̀bù tajà gbé fóònù kan wá bá mi, ó ní "Àǹtí mi, 12GB RAM rèé o, kò sì tó owó tẹ́ ẹ mú wá." Mo bi í pé mélòó ló jẹ́ ojúlówó níbẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní 4GB ni, wọ́n fi 8GB kún un ni. Bí ọ̀pọ̀ fóònù olówó pọ́ọ́kú ṣe rí báyìí nìyẹn. itel A70 bí àpẹẹrẹ, 12GB tí wọ́n fi ń polówó ẹ̀, 4GB ni RAM ẹ̀, 8GB tó kù, lára storage (ibi tí fóònù ń kó fọ́tò àti fídíò pamọ́ sí) ni wọ́n ti yá a. Samsung náà ní irú ẹ̀, RAM Plus ni wọ́n ń pè é. RAM dà bí àtẹ tí ìyá alátẹ pa sí ojú ọ̀nà, storage wá dà bí yàrá tó ń kó ọjà pamọ́ sí lẹ́yìn ilé, ẹ lè ní kó fi yàrá ẹ̀yìn kún àtẹ, ṣùgbọ́n oníbàárà máa dúró títí kó tó wọlé lọ gbé ọjà ọ̀hún jáde wá. Storage ò yára tó RAM, kò sí ọgbọ́n tá a lè dá sí i. Tí ìpè bá wọlé nígbà tí Facebook, TikTok àti àwọn áàpù yòókù ti gba àyè tán, WhatsApp á máa gbìyànjú àti dìde, kó tó dìde ẹni tó ń pè ti gé e. Nítorí náà ẹ bi wọ́n tààrà, "4GB ojúlówó ni àbí èyí tẹ́ ẹ fi kún un?" Kódà tí wọ́n bá ní Android Go ló wà lórí ẹ̀, tí Google ṣe jáde ní 2017 fún àwọn fóònù tí RAM wọn kéré, ẹ má gba 2GB fún ẹni tó ń dúró de ìpè ọmọ.

Mo yẹ àwọn mélòó kan wò lọ́jọ́ náà. Redmi A3 dáa lójú, gíláàsì wà lẹ́yìn ẹ̀, súkúrìnì ẹ̀ 90Hz (iye ìgbà tó ń sọ ara ẹ̀ dọ̀tun ní ìṣẹ́jú àáyá kan), ṣùgbọ́n 10W ni iná tó ń gbà, bátìrì 5,000mAh sì rèé, ẹ mọ̀ pé iná wa ò dúró pẹ́, fóònù tó ń gba iná díẹ̀díẹ̀ kò bá wa lára mu. itel A70 náà, 10W ni. Gbogbo wọn ló ní 5,000mAh báyìí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn nìkan tàn yín bíi pé ohun ńlá ni.

A06 tí mo mú yìí, 2024 ni Samsung gbé e jáde. Èyí tí mo rà ní 4GB RAM àti 128GB storage, ọpọlọ tó wà nínú ẹ̀ ni MediaTek Helio G85, súkúrìnì ẹ̀ fẹ̀ tó 6.7 inch, bátìrì 5,000mAh, 25W ló lè gbà, Android 14 ló bá wá. Samsung sì ṣèlérí Android tuntun lẹ́ẹ̀mejì àti ọdún 4 update ààbò fún un, ìyẹn wù mí gan-an, torí WhatsApp kì í bá àwọn Android àtijọ́ rìn lọ títí, wọ́n máa ń jáwọ́ lára wọn díẹ̀díẹ̀, fóònù tí ò ní rí update, ẹ kàn ń ka ọjọ́ fún un ni.

Wàyí o, Wi-Fi tó wà nínú ẹ̀. Lára páálí tàbí lórí ibi tí wọ́n kọ gbogbo ohun tó wà nínú fóònù sí, ẹ máa rí ohun kan bíi 802.11 b/g/n. Tó bá dúró síbẹ̀, ìgbì Wi-Fi 2.4GHz nìkan ni fóònù yẹn ń gbà lọ́pọ̀ ìgbà. Tẹ́ ẹ bá rí "ac" níbẹ̀, ó ń gba 5GHz náà. A06 ní "ac". Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ rèé: 2.4GHz máa ń rin jìnnà, ó máa ń gba inú ògiri kọjá, ṣùgbọ́n èrò pọ̀ lórí ẹ̀, ojú ọ̀nà mẹ́ta péré ni ò fara kanra níbẹ̀, 1, 6 àti 11, gbogbo ráútà àdúgbò á wá há síbẹ̀, Bluetooth wà níbẹ̀, microwave náà ń da ariwo síbẹ̀. 5GHz yára, àyè wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ògiri kan sí méjì ti tó láti tán an lágbára. Ilé màámi, ilé àtijọ́ ni, ògiri amọ̀ tó nípọn, ráútà wà ní pálọ̀, yàrá wọn sì wà lọ́hùn-ún lẹ́yìn, 5GHz ò dé ibẹ̀ rárá, 2.4 ni wọ́n ń lò tí wọ́n bá wà ní yàrá, àdúgbò wọn ò sì ní Wi-Fi tó pọ̀ tó máa dà á rú. Àmọ́ ẹ lọ wo hostel àwọn ọmọ OOU ní Àgó-Ìwòyè, tí ráútà àti hotspot wà nínú yàrá dé yàrá, ẹni tó bá lọ ra fóònù 2.4 nìkan síbẹ̀ á kàn máa pariwo "ẹ ẹ̀ gbọ́ mi ni?" lójoojúmọ́ ni. Fún irú ibẹ̀ yẹn, mi ò ní gbà kẹ́nikẹ́ni ra fóònù tí ò ní 5GHz.

Bí mo ṣe dán an wò ní ṣọ́ọ̀bù ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú lò. Láti 2023 ni WhatsApp ti gbà kéèyàn so fóònù kejì mọ́ account kan náà, ẹ ò nílò síìmù nínú fóònù tuntun yẹn, ẹ máa ṣí WhatsApp níbẹ̀, ẹ yan pé ẹ fẹ́ so ó mọ́ account tó ti wà, QR code á jáde, ẹ fi fóònù tiyín yà á, ó parí. Ó máa gba ìṣẹ́jú díẹ̀ kí message yín tó wọlé, ẹ ní sùúrù. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi ní London (aago wọn àti tiwa ò jìnnà síra, àbúrò mi ní Toronto ṣì ń sùn lásìkò yẹn), mo sì kó wọn sí iṣẹ́.

Mo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní ohùn mi mọ́. Mo jáde síta sí ẹ̀gbẹ́ títì, ọ̀kadà ń kọjá, jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ń kùn, mo ní "Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ̀ ń gbọ́?" Fóònù olówó pọ́ọ́kú kan tí mo kọ́kọ́ dán wò, ariwo jẹnẹrétọ̀ nìkan ni wọ́n gbọ́, ohùn mi rì sínú ẹ̀. A06 yìí, wọ́n ní àwọn ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ o, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mi wà lókè ẹ̀. Lẹ́yìn náà mo gbé e sétí, mò ń ṣọ́ ojú ẹ̀ bóyá ó máa ṣú. Ẹ má fojú kéré èyí, àwọn fóònù kan wà tí ojú wọn kì í ṣú tẹ́ ẹ bá gbé e sétí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á lọ tẹ mute tàbí kó gé ìpè, àwọn àgbà ni ìyẹn máa ń ṣe jù, wọ́n á ní ọmọ gé fóònù mọ́ àwọn lójú. Ti A06 ṣú bó ṣe yẹ. Lẹ́yìn náà ni mo pa súkúrìnì, mo gbé fóònù kalẹ̀ lórí tábìlì, mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi dúró díẹ̀ kí wọ́n tó pè mí padà. Ó dún. Ìgbà tó dún yẹn ni mo mọ̀ pé mo ti rí ohun tí mò ń wá. Ẹ fi í sórí sípíkà tó ga jù náà, kẹ́ ẹ gbọ́ bóyá ó ń ya, sípíkà kan ṣoṣo ló wà lára A06, kò sì ya. Tẹ́ ẹ bá parí, ẹ yọ account yín kúrò níbẹ̀ o, ẹ lọ sí Linked devices lórí fóònù tiyín kẹ́ ẹ yọ ọ́, ẹ má fi WhatsApp yín sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ẹni ẹlẹ́ni.

Àwọn èèyàn tún máa ń da nǹkan méjì pọ̀. Ìpè WhatsApp yàtọ̀ sí ohun tí fóònù ń pè ní Wi-Fi calling, tí àwọn kan ń pè ní VoWiFi. WhatsApp, ẹ̀yin méjèèjì gbọ́dọ̀ ní áàpù náà, dátà ni ẹ ń jẹ, láti 2015 ni wọ́n ti fi ìpè ohùn sí i, fídíò wá tẹ̀ lé e ní 2016. Wi-Fi calling ní tiẹ̀, nọ́ńbà yín gan-an lẹ fi ń pè, látinú ibi tẹ́ ẹ ti ń tẹ nọ́ńbà lójoojúmọ́, ẹni tẹ́ ẹ pè lè máa lo fóònù tọ́ọ̀ṣì, kò kan WhatsApp rárá, owó ìpè nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín ló ń gé, Wi-Fi kàn dípò òpó ni. Ilé tí òpó ò dé dáadáa, bí àwọn ilé tó wà nísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan lọ́nà Orù, ìyẹn gan-an ni wọ́n ṣe é fún. Ṣùgbọ́n fóònù gbọ́dọ̀ ní in, nẹ́tíwọ́ọ̀kì gbọ́dọ̀ ní in, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì tún gbọ́dọ̀ ti ṣí i sílẹ̀ fún irú fóònù yẹn gan-an. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi lè rí VoWiFi lára páálí kẹ́ ẹ sì wá gbogbo Settings kẹ́ ẹ má rí bọ́tìnnì ẹ̀. Ọ̀nà tó dájú tẹ́ ẹ lè gbà mọ̀: ẹ fi síìmù yín sínú ẹ̀, ẹ tan airplane mode, ẹ wá tan Wi-Fi nìkan padà, kẹ́ ẹ pe nọ́ńbà lásán. Tó bá lọ, ẹ ní in. Tí ò bá lọ, ẹ bi nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín léèrè pé fóònù wo ni wọ́n ti ṣí i fún, kẹ́ ẹ tó lọ náwó lórí ẹ̀.

Àwọn tó ń ti òkè òkun wálé ló ń jàǹfààní èyí jù. Ẹni tó ń lo T-Mobile ní Amẹ́ríkà, tó bá wálé wá ṣe Ojúde Ọba, tó sì wà lórí Wi-Fi ilé, tó bá fi Wi-Fi calling pe nọ́ńbà Amẹ́ríkà, wọn ò ní gé owó ẹ̀, ó dà bíi pé ó ṣì wà lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, Ojúde Ọba tó ń bọ́ sí ọjọ́ kẹta Iléyá, gbogbo ayé ló máa ń wà ní Ìjẹ̀bú-Òde, gbogbo èèyàn ń gbé fídíò ẹṣin àti regberegbe (àwọn ẹgbẹ́ ọjọ́-orí) sórí íntánẹ́ẹ̀tì, òpó á kún fọ́fọ́. Tí ráútà ilé yín bá jẹ́ èyí tó ń lo síìmù, òpó kan náà yẹn lòun náà ń lò, Wi-Fi yín á rọ̀ bíi ti fóònù. Ẹni tó ń lo wáyà fáíbà tàbí sátẹ́láìtì nìkan ni ọ̀rọ̀ yẹn ò ní kàn.

Níbi tí mo ti dárúkọ sátẹ́láìtì, ẹ jẹ́ n sọ èyí náà, torí mo rí i pé àwọn kan ṣì ń rò pé sátẹ́láìtì ò dáa fún ìpè. Ti àtijọ́ ni wọ́n ń sọ. Sátẹ́láìtì àtijọ́ wà ní òkè tó jìn tó 35,786 kìlómítà, ohùn yín á gòkè lọ, á tún sọ̀kalẹ̀, ìyẹn nìkan ti jẹ nǹkan bíi 240 milliseconds, bẹ́ẹ̀ 150 ni àwọn tó ń ṣètò ìlànà tẹlifóònù ní àgbáyé ní kò yẹ kó máa kọjá kí ọ̀rọ̀ tó lè dùn. Ẹ̀yin méjèèjì á wá máa sọ̀rọ̀ lu ara yín. Starlink tó dé Nàìjíríà ní January 2023, àwọn sátẹ́láìtì tiẹ̀ wà nítòsí, nǹkan bíi 550 kìlómítà, kò sí irú ìdádúró yẹn níbẹ̀. Owó ẹ̀ ló wúwo, àmọ́ mo mọ àwọn ilé tó jẹ́ pé ìdílé mẹ́rin ló dáwó jọ lò ó nínú ọgbà kan.

Ọ̀rọ̀ owó ìpè gan-an ló lé ọ̀pọ̀ wa lọ sórí Wi-Fi. Ní January 2025 ni NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ tẹlifóònù, gbà kí àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi owó lé owó, kó má kọjá 50%, ó sì dé bá ìpè àti dátà pọ̀. Skype tí ọ̀pọ̀ wa fi ń pe ará Amẹ́ríkà ní cybercafé láyé ọjọ́un náà ti kógbá wọlé, Microsoft tì í pa ní May 2025. Torí náà WhatsApp ni gbogbo èèyàn sá lọ bá. Tí Wi-Fi yín bá jẹ́ èyí tẹ́ ẹ ń ra dátà sí ní gígà, ẹ lọ sí Settings inú WhatsApp, Storage and data, kẹ́ ẹ tan "Use less data for calls." Ohùn máa dínkù díẹ̀ ní dídára, kò burú. Kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí màámi mọ̀ pé ohùn lásán ń jẹ dátà díẹ̀, fídíò ló ń jẹ ẹ́ bí ẹní jẹ ìkọ́kọrẹ́. Màámi tiwa, fídíò ni wọ́n fẹ́, wọ́n fẹ́ rí ojú ọmọ-ọmọ, mi ò lè bá wọn jà lórí ìyẹn, a ń ra dátà.

Ohun tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ ṣe lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ti ra fóònù, kẹ́ ẹ má tíì kúrò lọ́dọ̀ màámi: láti Android 13 ni áàpù kọ̀ọ̀kan ti ń tọrọ àyè kó tó lè fi notification hàn. Tí ẹni tó ń lò ó bá tẹ "Don't allow" nítorí pé ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ò yé e, ìpè lè má dún mọ́ láéláé, kò sì sí ẹni tó máa mọ ìdí ẹ̀. Ẹ lọ wò ó. Lẹ́yìn náà ẹ lọ sí Settings fóònù, Apps, WhatsApp, Battery, kẹ́ ẹ fi í sí Unrestricted. Lórí Samsung, ẹ tún lọ sí Battery, Background usage limits, kẹ́ ẹ fi WhatsApp sí abẹ́ àwọn tí kò gbọ́dọ̀ sùn. Àwọn fóònù yòókù náà ní tiwọn, orúkọ ẹ̀ kàn yàtọ̀, iṣẹ́ wọn ni láti máa pa áàpù kí bátìrì lè pẹ́, wọn ò mọ̀ pé ọmọ ń pe ìyá ẹ̀. Ẹ wo inú WhatsApp náà bóyá wọ́n tan "Silence unknown callers," torí tí ọmọ bá pàrọ̀ nọ́ńbà, fóònù kò ní dún fún un.

Ẹ má yọ síìmù kúrò nínú fóònù torí pé Wi-Fi ti wà o. WhatsApp ò lè pe 112, tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ní òru, síìmù lẹ máa fi pe ìrànlọ́wọ́. Ìyẹn ò ṣe é fi ṣeré.

Iná ń kọ́? Tí wọ́n bá mú iná lọ, fóònù á ṣì wà láàyè, ráútà á kú, ìpè á gé láàárín ọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ ráútà ilé, 12V ni wọ́n ń lò, UPS kékeré kan (bátìrì tó ń gbé ráútà tí iná bá lọ) wà fún wọn tí wọ́n ń tà, kò tóbi ju ìwé lọ, ẹ wo volt àti amp tí wọ́n kọ sí ara ṣájà ráútà yín kẹ́ ẹ ra èyí tó bá a mu. Èmi rà á fún màámi, ìyàtọ̀ ẹ̀ hàn ju ti fóònù gan-an lọ ní ìrọ̀lẹ́.

Ìdí tí mi ò fi ra tòkunbọ̀: àwọn tó ti Amẹ́ríkà wá, òmíràn wà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibẹ̀ ti tì í mọ́ síìmù tiwọn, òmíràn tí ìgbì 4G tí òpó tiwa ń lò ò pé nínú ẹ̀, bọ́tìnnì Wi-Fi calling tó bá sì wà níbẹ̀, ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn ni, kì í ṣe tiwa, bátìrì sì ti gbó. Fún ọ̀dọ́ tó mọ fóònù, kò burú. Fún màámi, rárá. Tẹ́ ẹ bá ń ra tuntun náà, ẹ tẹ *#06# kí IMEI (nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù) jáde, kẹ́ ẹ fi wé ti ara páálí, nọ́ńbà kan ò gbọ́dọ̀ yàtọ̀.

Ibi tí A06 kù sí fún mi: kò sí ṣájà nínú páálí, wáyà nìkan lẹ máa rí, ẹ fi owó ṣájà 25W sínú ìṣirò yín, kẹ́ ẹ má ra ayédèrú lẹ́bàá títì torí ó máa pa bátìrì. Súkúrìnì ẹ̀ 60Hz ni, 720p, ẹni tó ń gbá gémù tàbí tó ń wo fíìmù gan-an kò ní gbádùn ẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Kò ní 5G. Ó wúwo díẹ̀ lọ́wọ́ àgbà. Èyí tí ò ṣe mí ní nǹkan kan ni ti súkúrìnì, màámi ń fẹ́ lẹ́tà ńlá, 6.7 inch sì fún wọn ní lẹ́tà ńlá. Ihò earpiece wà lára ẹ̀, mo dúpẹ́ fún ìyẹn, torí earpiece olówó kékeré tó ní máìkì lẹ́nu máa ń jẹ́ kí àgbà gbọ́rọ̀ dáadáa, kò sì sí pé ó ń kú bíi ti Bluetooth.

Tẹ́ ẹ bá ti pinnu láti rà á, ẹ fi owó díẹ̀ kún un kẹ́ ẹ mú 128GB, ẹ fi 64 sílẹ̀. Group ẹgbẹ́ ìyá ìjọ, group ẹbí, group àwọn ọmọ kíláàsì àtijọ́, fídíò ló ń rọ̀ níbẹ̀ láràárọ̀, 64GB máa kún kẹ́ ẹ tó mọ̀, fóònù tó bá ti kún á bẹ̀rẹ̀ sí í fà, ìpè náà á máa fà. Ẹ wọ inú Storage and data lẹ́ẹ̀kan sí i, níbi Media auto-download, kẹ́ ẹ yọ fídíò kúrò lábẹ́ mobile data àti Wi-Fi méjèèjì, èyí tí màámi bá fẹ́ wò, wọ́n á fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ fúnra wọn.